Fọ́ọ̀mù èbu NIOSH: ọ̀fẹ́ ni, ó sì wúlò ju àwo àyẹ̀wò tí ẹ fẹ́ rà lọ

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni Dampness and Mold Assessment Tool, fọ́ọ̀mù tí a fi ń ṣàyẹ̀wò ọ̀rinrin àti èbu (mold) nínú ilé, tí NIOSH gbé jáde lọ́dún 2018. NIOSH ni ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, abẹ́ CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn níbẹ̀, ló sì wà. Oríṣi méjì ni fọ́ọ̀mù náà: ọ̀kan fún ilé ẹ̀kọ́, èkejì fún ilé iṣẹ́ àti àwọn ilé yòókù. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì lórí ìkànnì CDC, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ni. Kò ní bátìrì, kò sí láàbù tí ẹ ó fi nǹkan ránṣẹ́ sí, kò sì sí àwọ̀ kankan tó ń yí padà níbẹ̀. Imú àti ojú ẹni tó mú un dání ló fi ń ṣiṣẹ́. Bóyá ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi kà á sí, tí wọ́n á gba ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ lọ ra àwo àyẹ̀wò èbu. Lójú tiwa, owó tó já sí omi nìyẹn. Síbẹ̀, fọ́ọ̀mù yìí náà ní ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, a ó sì sọ ọ́.

Inú ìwádìí ni fọ́ọ̀mù náà ti jáde, torí náà ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2004, Institute of Medicine, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìlera ní Amẹ́ríkà, tí CDC bẹ̀ níṣẹ́, kó ìwádìí lórí àwọn ilé tó ní ọ̀rinrin jọ, wọ́n sì tú u wò. Àwọn ìnira tí wọ́n sọ pé ẹ̀rí tó tó so mọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni imú àti ọ̀nà ọ̀fun tó ń yọni lẹ́nu, ikọ́, èémí tó ń súfèé nínú àyà, ásímà tó ń ru sókè lára ẹni tó ti ní in tẹ́lẹ̀, àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan, hypersensitivity pneumonitis, tó máa ń mú àwọn tí ara wọn kò gba irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti pé kí ásímà bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tí kò ní in rí, wọ́n ní ẹ̀rí ń tọ́ka síbẹ̀, àmọ́ kò tíì tó láti fọwọ́ sọ̀yà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwádìí kan tí àwọn òṣìṣẹ́ NIOSH fúnra wọn ṣe jáde. Ilé iṣẹ́ alájà 20 kan ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n wọ̀, ilé tí omi ti ń jò wọ̀ tipẹ́. Òṣìṣẹ́ 888 ló kópa. Kí wọ́n tó kó wọ ilé náà, nǹkan bí èèyàn 2 nínú 1,000 lọ́dún ni ásímà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní àgbàlagbà. Lẹ́yìn tí wọ́n kó wọ̀ ọ́, iye yẹn fò sókè sí bíi 14 tàbí 15 nínú 1,000. Ní 2007, olùwádìí kan láti EPA, àjọ ìjọba tó ń rí sí àyíká, àti òmíràn láti Lawrence Berkeley National Laboratory ṣírò pé ọ̀rinrin àti èbu inú ilé ló ṣeé ṣe kó wà nídìí ásímà nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní in ní Amẹ́ríkà. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, náà gbé ìlànà tiwọn jáde ní 2009, ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú gbogbo èyí. Ohun tí àwọn ìwádìí náà ń rí pé ó bá àìsàn rìn ni ilé tó ń jò, ògiri tó ní àbàwọ́n omi, èbu tó hàn sójú, àti òórùn. Iye irúgbìn èbu (spores, hóró tíntìntín tí èbu fi ń tàn ká) tí wọ́n kà nínú afẹ́fẹ́ kò bá àìsàn mu lọ́nà tó ṣe é gbára lé. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ kankan tó sọ pé iye báyìí pọ̀ jù tàbí iye báyìí ò pọ̀ jù. NIOSH fúnra wọn kò gbà wá níyànjú pé ká máa fa afẹ́fẹ́ ilé wò nítorí èbu, torí pé kò sẹ́ni tó lè fi èsì rẹ̀ sọ bóyá ara èèyàn wà nínú ewu. Orí èyí ni wọ́n gbé fọ́ọ̀mù náà kà: wọ́n mú ohun mẹ́rin tí ìwádìí fọwọ́ sí, wọ́n sì fún un ní máàkì.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Àwo pẹlẹbẹ kan ni, oúnjẹ èbu wà nínú rẹ̀. Ẹ ó ṣí i sílẹ̀ fún àkókò tí wọ́n kọ sára páálí, ẹ ó dé e, ẹ ó gbé e pa mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Nǹkan á hù. Ó gbọ́dọ̀ hù, nítorí irúgbìn èbu wà nínú afẹ́fẹ́ gbogbo ilé àti gbogbo ìgboro. Èyí tó bá tóbi díẹ̀ ló ń tètè já bọ́ sínú àwo; àwọn tó kéré bíi ti Aspergillus àti Penicillium máa ń pẹ́ lófuurufú, àwo náà kì í sì í rí púpọ̀ mú nínú wọn. Èyí tó ti kú kò lè hù nínú àwo, bẹ́ẹ̀ ara ẹlòmíràn kò gba òkú èbu pẹ̀lú. Nígbà tó bá hù tán, wọ́n á ní kí ẹ san owó mìíràn kí láàbù lè sọ orúkọ rẹ̀. Kí ni ẹ fẹ́ fi orúkọ ṣe? Ìmọ̀ràn CDC ni pé, èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ sì dá omi dúró.

Ẹ̀rọ afatẹ́gùn tí àwọn oníṣẹ́ àyẹ̀wò èbu ń gbé wá sàn díẹ̀, síbẹ̀ lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń fi fa afẹ́fẹ́. Lítà 75 nìyẹn, nǹkan bí èyí tí àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí ẹnì kan bá gbọn kápẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó dé, iye á lọ sókè. Tí wọ́n bá ṣí fèrèsé, iye á yí padà. Onílé tó bá fẹ́ fi ìwé hàn pé ilé òun mọ́ lè rí ọjọ́ tó dára yàn.

Àyẹ̀wò kẹta ni ERMI, èyí tó gbówó lórí jù. Àwọn olùwádìí EPA ló ṣe é: wọ́n á kó eruku ilé, wọ́n á fi DNA wá oríṣi èbu 36 nínú rẹ̀, wọ́n á sì fún ilé ní nọ́ńbà kan. Iṣẹ́ tó dáa ni fún ìwádìí. Ṣùgbọ́n ní 2013, ọ́fíìsì tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ EPA kìlọ̀ pé ìwádìí nìkan ni wọ́n ṣe é fún, wọn kò tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ fún ará ìlú, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ilé iṣẹ́ ń tà á fún wọn. Ẹni tí wọ́n bá fún ní nọ́ńbà ERMI tó sì fẹ́ kó jáde nílé nítorí rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti ń wọlé.

Ọ̀rọ̀ "toxic black mold" (èbu dúdú olóró) tó wà nínú ìpolówó àwọn oníṣẹ́ náà ní ìtàn tiẹ̀. Ní Cleveland, láàárín 1993 sí 1994, ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ ọwọ́ kan, ìwádìí àkọ́kọ́ sì nàka sí èbu dúdú tí wọ́n ń pè ní Stachybotrys. Ní oṣù kẹta ọdún 2000, CDC tú ìwádìí tiwọn fúnra wọn wò, wọ́n ní kò fìdí múlẹ̀ pé èbu ló fà á. Àwọn èèyàn gbọ́ ìròyìn àkọ́kọ́, wọn ò gbọ́ ìkejì. Àwọ̀ kì í sọ bí èbu ti léwu tó: kí ẹ má fojú kékeré wo èyí tó funfun tàbí tó jọ ewé nítorí pé kò dúdú.

Ó yá, fọ́ọ̀mù. Yàrá kan, ìwé kan. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, pẹ́ńsù, àti fóònù fún àwòrán; NIOSH kò ní kí ẹ ra nǹkan kan. Òórùn ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ, ní kété tí ẹ bá wọlé, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Òdo bí kò bá sí òórùn, 1 bó bá rọra ń rùn, 2 bó bá hàn, 3 bó bá le. Ìdí tó fi jẹ́ òun ni àkọ́kọ́ ni pé imú tètè ń mọ́ òórùn lára. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́. Ẹni tó ń gbé yàrá náà ni kò yẹ kó fún un ní máàkì yìí. Ẹ bẹ ẹni tó ti ìta wọlé.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá mú ara yàrá náà lọ́kọ̀ọ̀kan: sílíìnì, ògiri, ilẹ̀, fèrèsé, àga àti ohun èlò, ẹ̀rọ amúlétutù àti ìgbóná, ẹrù tó wà nílẹ̀, páìpù. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó fún nǹkan mẹ́ta ní máàkì: ibi tó bàjẹ́ tàbí tó ní àbàwọ́n, èbu tó hàn, àti ibi tó rin tàbí tó ní ọ̀rinrin. Bí wọ́n ṣe ní kí ẹ wọn ìwọ̀n rẹ̀ ló wù wá jù nínú fọ́ọ̀mù yìí, nítorí kò sẹ́ni tó nílò téèpù. Bí kò bá sí, òdo. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ju bébà ìkọ̀wé kan lọ, 1. Bó bá ju bébà lọ ṣùgbọ́n tí kò ju ilẹ̀kùn yàrá lọ, 2. Bó bá ju ilẹ̀kùn lọ, 3. Ẹni méjì tí wọn kò mọ ara wọn rí á fún ògiri kan náà ní máàkì kan náà, tàbí kí wọ́n sún mọ́ ara wọn gan-an. Àwọn ìròyìn tí oníṣẹ́ kan ń kọ "èbu díẹ̀", tí èkejì ń kọ "èbu tó pọ̀", kò ní irú àǹfààní yẹn.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń kùnà rèé. Wọ́n á wo àárín ògiri, wọn ò ní fa kọ́bọ́ọ̀dù sẹ́yìn. Ògiri tó kọjú síta, tí àga tàbí bẹ́ẹ̀dì fara tì, ni ẹ gbọ́dọ̀ wò: afẹ́fẹ́ kì í dé ẹ̀yìn rẹ̀, ibẹ̀ máa ń tutù, omi á sì dúró síbẹ̀. Wọ́n á ṣàyẹ̀wò nígbà tí olóòórùn dídùn tí wọ́n ń kì bọ iná ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Wọ́n á kọ òdo fún ògiri tí onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ọ̀dà tuntun tó mọ sí apá ibì kan ṣoṣo, pàápàá lábẹ́ fèrèsé tàbí ní igun sílíìnì, ẹ fọwọ́ kàn án: bó bá rọ̀ tàbí tó ń wú, ìbàjẹ́ nìyẹn, ẹ fún un ní máàkì. Ní ti àbàwọ́n àtijọ́, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà yí etí rẹ̀ ká, kí ẹ kọ déètì sí i. Lẹ́yìn òjò ńlá méjì, bó bá ti kọjá ìlà, òrùlé tàbí páìpù ṣì ń jò, ohunkóhun tí onílé ì báà wí.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó pọ̀ ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, àti àgbègbè rẹ̀ ní láti kọjú sí ìlà ẹ̀rọ amúlétutù ju ti òrùlé lọ. Níbẹ̀, ìta ló gbóná tó sì kún fún ọ̀rinrin, inú ilé ló tutù. Bí ẹ̀rọ bá tóbi ju ilé lọ, kíákíá lá mú ilé tutù, á sì dákẹ́ kó tó fa ọ̀rinrin jáde. Ara yín á tutù, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ á ṣì ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. EPA ní kó má ju 60 lọ, kó wà láàárín 30 sí 50 bó bá ṣeé ṣe. Bí ẹ bá fi fáànù ẹ̀rọ náà sí "On" dípò "Auto", omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì mọ́ páìpù tútù inú rẹ̀ ni fáànù á tún fẹ́ padà sínú yàrá. Ẹ wo àwo tó ń gba omi lábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ wo bóyá ihò tí omi ń gbà jáde ti dí. Bí ògiri bá sì ní wallpaper (bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri) onírọ́bà, ẹ fura: afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin láti ìta máa ń di omi lẹ́yìn rẹ̀, èbu á kún ẹ̀yìn rẹ̀ láìhàn sójú. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, òórùn lè jẹ́ 2 nígbà tí gbogbo ìlà yòókù jẹ́ òdo. Ẹ má ṣe rò pé imú yín ń parọ́.

Èyí mú wa dé ibi tí fọ́ọ̀mù náà ti kù. Kò lè rí inú ògiri tàbí òkè sílíìnì. Wọn kò ṣe oríṣi kan ní pàtó fún ilé gbígbé, torí náà bálùwẹ̀ àti ilé ìdáná, tí omi ń wọ lójoojúmọ́, kò rí àyè tó yẹ wọ́n. Ẹ fi àlàyé kún un fúnra yín. Bí ẹ bá ro máàkì yàrá pọ̀ tí ẹ pín in dọ́gba, sílíìnì kan ṣoṣo tó jẹ́ 3 láàárín àwọn òdo á di nọ́ńbà kékeré tí kò bani lẹ́rù. Máàkì tó ga jù ni kí ẹ máa wò, ẹ jẹ́ kí ìpíndọ́gba wà fún olùtọ́jú ilé ẹ̀kọ́ tó ní yàrá 60 láti tò.

Àléébù tó tóbi jù lójú wa ni máàkì 2. Láti orí bébà títí dé ilẹ̀kùn, àlàfo yẹn fẹ̀ jù. EPA sọ pé bí ibi tó bu kò bá tó 10 square feet, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta níbùú àti mẹ́ta lóròó, ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ lè fọ̀ ọ́ fúnra yín. Àárín máàkì 2 gan-an ni 10 yẹn bọ́ sí, nítorí pé ó ju bébà lọ dáadáa, kò sì tó ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá rí 2 kò tíì mọ̀ bóyá kí òun fọ̀ ọ́ tàbí kí òun pe oníṣẹ́. Ẹ mú téèpù fún àwọn 2 nìkan, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. NIOSH kò sì sọ máàkì tí ilé ti ń di eléwu. A kò lè bá wọn wí lórí ìyẹn, ìwádìí kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀.  

Bí máàkì bá ti jáde, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà. Ohun tó bá rin, ẹ gbẹ ẹ́ láàárín wákàtí 24 sí 48. Drywall (pákó ògiri tí wọ́n fi bébà bò), páálí sílíìnì àti kápẹ́ẹ̀tì tí èbu ti wọ̀ sábà máa ń di dídà nù, torí pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wọnú ihò wọn. Táìlì, irin àti gíláàsì, ọṣẹ àti omi tó fún un, kí ẹ sì gbẹ ẹ́. EPA kò ka bílíìṣì sí ohun tó yẹ kéèyàn máa fi ṣe iṣẹ́ yìí nígbà gbogbo. Ẹni tó bá máa lò ó, CDC ní kó má ju ife kan lọ nínú gálọ́ọ̀nù omi kan, kó ṣí fèrèsé, kó má sì pa á pọ̀ mọ́ ohun tó ní ammonia, nítorí gáàsì rẹ̀ léwu. Ìbòjú N95, ìbọ̀wọ́, àti awò tí kò ní ihò afẹ́fẹ́. Ẹni tó ní ásímà kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ náà rárá.

Ní Texas, bó bá ti di 25 square feet lójú kan, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún níbùú àti márùn-ún lóròó, àwọn tó ní láísẹ́ǹsì ni òfin ní kó ṣe é, àyàfi àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀, bíi ẹni tó ni ilé gbígbé tí ibùgbé (apartment) inú rẹ̀ kò tó mẹ́wàá. Ẹni tó ṣàyẹ̀wò kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó máa tún un ṣe lórí iṣẹ́ kan náà. Bí oníṣẹ́ kan bá ní òun á ṣe méjèèjì pọ̀ fún yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Àwọn tó wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn lè lo fọ́ọ̀mù náà, kò sí ohun tó ní kí wọ́n má lò ó. Kí wọ́n má ṣe é nígbà ọyẹ́, gbogbo ìlà ló máa dà bí ẹni pé ó gbẹ. Ìgbà òjò ni kí wọ́n yàn, kí wọ́n sì máa wo ìsàlẹ̀ ògiri búlọ́ọ̀kù dáadáa, níbi tí omi ilẹ̀ ti ń gun òkè tí ọ̀dà ń bó.

Bí àtúnṣe bá parí, ẹ tún fọ́ọ̀mù kan kọ fún yàrá kan náà, kí ó jẹ́ ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́ ló máa kọ ọ́, lẹ́yìn òjò. Ẹ fi méjèèjì pọ̀ mọ́ àwòrán àti déètì, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí onílé lórí ímeèlì, kì í ṣe lẹ́nu. Bí ìlà èbu bá ti di òdo ṣùgbọ́n tí òórùn ṣì jẹ́ 1 tàbí 2, ohun tó rin ṣì wà lẹ́yìn ọ̀dà tuntun yẹn. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i kí ẹ tó fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí.